Mammoth Cave ní Kentucky: ara ògiri ni kí ẹ lọ wò

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti gbé ní Louisville kí n tó dé Mammoth Cave. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń wa mọ́tò lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Nashville, ọ̀nà I-65 ni mo máa ń gbà, màá rí pátákó tó ń júwe ibẹ̀, màá sì kọjá. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, mo ti wọ abẹ́ Olúmọ láti kékeré, kí ni mo tún fẹ́ lọ wò nínú ihò tí wọ́n ń gba owó kí èèyàn tó wọ̀? Àṣìṣe ni mo ṣe. Mo ti lọ lẹ́ẹ̀mejì báyìí láàárín oṣù mẹ́rin, mo sì fẹ́ kọ ohun tí mo rí sílẹ̀, torí pé tí mo bá bi àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ti débẹ̀ rí, "ó tóbi gan-an" ni gbogbo wọn ń sọ. Òótọ́ ni, ó tóbi. Ihò tí wọ́n ti wọ̀n níbẹ̀ lé ní 420 máìlì, kò sì sí ihò mìíràn tí a mọ̀ láyé tó gùn tó o. Ṣùgbọ́n títóbi kọ́ ló mú mi padà lọ. Ara ògiri ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti owó àti aago. Ìjọba àpapọ̀ ló ni ọgbà náà, wọn kì í sì gba owó lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ lè wọlé, kí ẹ rìn nínú igbó, kí ẹ jókòó jẹun lábẹ́ igi, láì san kọ́bọ̀. Ìrìn inú ihò pẹ̀lú afinimọ̀nà ni ẹ máa sanwó fún, oríṣiríṣi ló sì wà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì, ní Recreation.gov, ni kí ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì tètè rà á. Ìgbà tí a kọ́kọ́ fẹ́ lọ, mo rò pé a kàn máa débẹ̀ kí a sanwó ni. Alẹ́ Fúráìdé ni mo tó wò ó lórí fóònù, ti Sátidé ti tán pátápátá. Ó dun ọmọ mi gan-an, nítorí òun ló ti ń bẹ̀ mí láti ìgbà tí tíṣà rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ ibẹ̀ fún wọn ní kíláàsì.

Ti aago ṣe pàtàkì fún ẹni tó bá ń bọ̀ láti Louisville. Aago Ìlà Oòrùn là ń lò níbí, aago Àárín ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún. Tí ẹ bá kúrò nílé ní aago mẹ́jọ àárọ̀, tí ẹ fi wákàtí kan àbọ̀ wa mọ́tò, aago mẹ́jọ àbọ̀ ni ẹ máa bá níbẹ̀. Tí ẹ bá ń padà bọ̀, wákàtí yẹn á tún bọ́ lọ́wọ́ yín. Ará Nashville ò ní wàhálà yìí. Bùrọ̀dá mi láti Nashville pàdé wa níbẹ̀ ni, torí ọgbà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ìdajì ọ̀nà àwa méjèèjì.

Èyí tí wọ́n ń pè ní Historic Tour la mú. Máìlì méjì, wákàtí méjì, àtẹ̀gùn 540. Ẹ má fojú kéré àtẹ̀gùn yẹn. Ẹni tí orúnkún bá ń dùn, kí ó mú òmíràn, màá sọ èyí tó dáa fún un nísàlẹ̀. Ẹ mú súwẹ́tà dání, kódà tí oòrùn bá ń ta gan-an níta, nítorí inú ihò kì í ju nǹkan bí 54 lọ lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit, tọ̀sán tòru, tẹ̀ẹ̀rùn tòjò. Ẹ wọ bàtà tó di ẹsẹ̀ mú. Èrò tó ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà lè lé ní ọgọ́rùn-ún, nítorí náà ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ dúró sẹ́yìn. Àwọn tó wà níwájú ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ jù, àwọn tó wà lẹ́yìn ló ń ráyè wo nǹkan.

Kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀ dé ẹnu ihò lẹ ti máa mọ̀ pé ẹ ti ń súnmọ́ ọn. Oṣù Keje la lọ, gbogbo ara wa ń làágùn, àfi bí afẹ́fẹ́ tútù ṣe gbá wa lẹ́sẹ̀, tó ń fẹ́ jáde láti inú ilẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ṣí ilẹ̀kùn fíríìsà. Ọmọ mi dúró sójú kan, ó na ọwọ́ síwájú, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ tí a wọlé la dé gbàgede ńlá tí wọ́n ń pè ní Rotunda, níbẹ̀ ni mo ti dúró gbagidi. Àpótí igi ńláńlá wà nílẹ̀, àti igi gígùn tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ kí omi lè máa gbà á kọjá. Nígbà ogun 1812 láàárín Amẹ́ríkà àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń lò wọ́n. Àwọn ẹrú, èèyàn dúdú bíi tiwa, ló ń kó erùpẹ̀ ihò sínú àpótí yẹn, wọ́n á da omi lé e lórí, omi á rọra sẹ́ kọjá nínú erùpẹ̀, á yọ́ iyọ̀ kan tó wà nínú rẹ̀, á sì gbé e jáde nísàlẹ̀. Omi yẹn ni wọ́n ń pò mọ́ omi eérú, tí wọ́n ń sè é títí iyọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀tù ìbọn á fi kù sílẹ̀.

Aláró ni ìyá àgbà mi, ní Ìtòkú. Èmi ni mo máa ń bá wọn da omi sí àjẹrẹ. Ìkòkò méjì ló máa ń wà lórí ara wọn: ti òkè lu nídìí, eérú ló kún inú rẹ̀; ti ìsàlẹ̀ ló ń gba omi tó ń kán, omi tí wọ́n máa fi rẹ ẹ̀lú. Wọ́n á máa sọ fún mi pé, "Rọra dà á. Jẹ́ kí eérú mu ún." Tí mo bá dà á gìrìgìrì, omi á la ojú ọ̀nà kan nínú eérú, á gba ibẹ̀ já sísàlẹ̀ láì mú nǹkan kan dání, omi tí mo bá sì dà lẹ́yìn ìyẹn, ojú ọ̀nà kan náà ni yóò máa gbà. Ojú ọ̀nà yẹn á máa fẹ̀ sí i, eérú tó kù lọ́tùn-ún lósì á wà ní gbígbẹ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà yẹn, mo sì ti bá wọn fi ọwọ́ dí ihò yẹn pa láìmọye ìgbà. Mi ò rò pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí màá rìn nínú rẹ̀. Ohun tí Mammoth Cave jẹ́ gan-an nìyẹn: omi rí ojú là nínú òkúta, ó gbà á, ó fẹ̀ ẹ́, èyí tó bá fẹ̀ jù ló tún ń gba omi jù.

Kí ẹ tó lọ, orúkọ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀: Stephen Bishop. Ẹrú ni. Ní 1838 ni wọ́n mú un wá láti máa fi ọ̀nà han àwọn àlejò nínú ihò, kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Òun ló kọ́kọ́ sọdá kòtò kan tí wọ́n ń pè ní Bottomless Pit, ibi tí gbogbo ẹni tó ṣáájú rẹ̀ ti ń ṣẹ́rí padà, ó sì rí odò nísàlẹ̀ àti ẹja tí kò lójú nínú rẹ̀. Ní 1842 ó ya máàpù ihò náà látinú orí rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Mat Bransford àti Nick Bransford, ẹrú bíi tirẹ̀, wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, àwọn àrọ́mọdọ́mọ ìdílé Bransford sì ṣe iṣẹ́ afinimọ̀nà níbẹ̀ láti ìran dé ìran. Mo fẹ́ràn pé rénjà tó mú wa lọ kò fi ọ̀rọ̀ yìí bò. Ó dúró létí kòtò náà, tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 105, ó sì ní kí a fojú inú wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gba orí igi sọdá rẹ̀ pẹ̀lú àtùpà kékeré kan lọ́wọ́. Ó pa ẹnu mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn kòtò yẹn ni ọ̀nà há mọ́ wa. Fat Man's Misery lorúkọ ibẹ̀. Ẹsẹ̀ yín á wà nínú ojú ọ̀nà tóóró tó ń lọ́ bí ejò, á fún yín ní ìbàdí, òkè á sì fẹ̀ díẹ̀ sí i. Ara òkúta ibẹ̀ ń dán, nítorí aṣọ àti ọwọ́ èèyàn tó ti ń gba ibẹ̀ kọjá láti ọjọ́ pípẹ́. Ìyẹn ni àwọn èèyàn ń yà ní fọ́tò. Àmọ́ ibi tí a ti jáde níbẹ̀, tí èrò dúró mí èémí, ni Bùrọ̀dá mi ti pè mí.

Bíríkìlà ni wọ́n kí wọ́n tó kúrò nílé, kò sì sí ilé tí wọ́n wọ̀ tí wọn kì í wo ara ògiri rẹ̀. Iná kan wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ òkúta gòkè.

"Wá wo nǹkan. Ta ló rẹ́ ògiri yìí?"

"Bùrọ̀dá mi, ṣé ẹ rò pé èèyàn ló rẹ́ ẹ ni?"

"Mo mọ̀ pé èèyàn kọ́. Wò ó dáadáa. Gbogbo ẹ̀ ló kọjú síbì kan náà. Ẹni tó ṣiṣẹ́ yìí, apá ibí ló dúró sí, ibẹ̀ yẹn ló ń fọwọ́ lọ."

Mo wò ó. Kòtò kéékèèké ló kún ara òkúta náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, kò sí àyè láàárín wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju ìka mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Ó dà bí ara ilé alámọ̀ tí wọ́n fi àtàǹpàkò rẹ́, tàbí bí ojú ẹ̀bà tí ọmọ ọwọ́ ti ń fi ìka bù kiri. Etí kòtò kan ni etí èkejì, ó sì mú. Nígbà tí mo wá súnmọ́ ọn, mo rí ohun tí Bùrọ̀dá mi ń sọ: ẹ̀gbẹ́ kan kòtò kọ̀ọ̀kan dà wálẹ̀ lójijì bí ògiri kànga, ẹ̀gbẹ́ kejì rọra ń gòkè bí ibi tí wọ́n ti ń bọ́ sódò. Bó ṣe rí nínú èyí, bẹ́ẹ̀ ló rí nínú gbogbo wọn. Wọn kì í jẹ́ kí èèyàn fọwọ́ kan ògiri, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún wa lẹ́nu ọ̀nà. Bùrọ̀dá mi kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, wọ́n di ara wọn mú, wọ́n tẹ orí wá síwájú bí ẹni tó fẹ́ gbóòórùn ọbẹ̀.

Rénjà rí wa. Ó padà sẹ́yìn wá bá wa, inú rẹ̀ sì dùn pé a dúró síbẹ̀. Ó ní ẹ̀gbẹ́ tó dà wálẹ̀ lójijì yẹn ni ẹ̀gbẹ́ tí omi ti ń bọ̀, èyí tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ tó ń lọ. Omi ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́, ojú ilẹ̀ tí a dúró sí gbẹ, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n wò lè tọ́ka sí apá tí odò ń ṣàn sí nígbà náà. "Ọ̀gá, ẹ gbà á," ni ọmọ mi sọ fún Bùrọ̀dá mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Mo ti ka púpọ̀ lórí rẹ̀ látìgbà náà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe yé mi. Òkúta ibẹ̀ jẹ́ òkúta ẹfun, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì. Ó ti lé ní mílíọ̀nù 300 ọdún tó ti wà, láti ìgbà tí òkun ṣì bo ibẹ̀. Òkúta Olúmọ kì í ṣe irú rẹ̀, omi òjò kò lè yọ́ Olúmọ báyìí. Ṣùgbọ́n òjò tó bá rọ̀ sórí ilẹ̀ máa ń gba gáàsì kan mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́ àti inú ilẹ̀, gáàsì kan náà tó ń hó nínú kóòkì, omi á wá kan díẹ̀. Ìkan díẹ̀ yẹn tó láti yọ́ òkúta ẹfun bí ẹnu ṣe ń yọ́ súìtì. Nítorí náà, kì í ṣe yanrìn inú odò ló ha kòtò wọ̀nyẹn. Yíyọ́ ni òkúta ń yọ́ lọ sínú omi.

Kí ló dé tí kò fi yọ́ gbọọrọ, kí ara ògiri máa dán bí ara àwo? Omi tó ń yára kì í fara mọ́ òkúta. Níbi tí ojú ibì kan bá ti tẹ̀ wọnú díẹ̀, omi tó dé etí rẹ̀ á fò ó kọjá, á sì balẹ̀ níwájú. Èyí tó kù sínú kòtò á máa yí po lójú kan. Omi tó ti gba òkúta mọ́ra ni, agbára rẹ̀ ti ń tán. Ibi tí omi tuntun ti balẹ̀ ló ti ń jẹ òkúta jù. Kòtò á jìn sí i, yóò sì máa sún díẹ̀díẹ̀ tẹ̀lé omi lọ. Omi tó kọjá lórí etí rẹ̀ á tún lọ bẹ̀rẹ̀ òmíràn níwájú, títí kòtò á fi bo gbogbo ògiri. Kò sí ẹni tó pín àyè fún wọn, síbẹ̀ wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Bí wọ́n ṣe tóbi tó náà ní ìtumọ̀. Bí omi bá ṣe yára tó ni kòtò máa ń kéré tó. Tí odò bá sáré ní ìlọ́po méjì, gígùn kòtò á dín kù sí nǹkan bí ìdajì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rane Curl, ti Yunifásítì Michigan, ló ṣe ìṣirò yìí, ní 1966 àti ní 1974, láti ìgbà náà ni àwọn tó ń wọ ihò káàkiri ayé ti ń fi rúlà wọn kòtò lára ògiri láti mọ bí odò tó ti gbẹ ṣe ń sáré tó. Ìgbà tí mo ka èyí ni ara mi bù máṣọ. Mo rántí pé lókè, nínú àwọn ọ̀nà gbàràmù tí mọ́tò lè gbà kọjá, àwọn kòtò tí mo rí tóbi bí ọpọ́n. Nísàlẹ̀, níbi tó há, wọn ò ju ojú ṣíbí lọ. Omi tó rìn gbẹ̀dẹ́gbẹ́dẹ́ lókè ló ń sá eré nísàlẹ̀. Mo ti rìn kọjá lára rẹ̀ láì mọ̀.

Ìparí Historic Tour ni Mammoth Dome, ibẹ̀ náà sì tó ohun tí èèyàn ń sanwó fún. Ihò tó dúró ṣánṣán ni, ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 192, àtẹ̀gùn irin ló wà nínú rẹ̀, ẹ máa gùn ún bọ̀ sókè. Omi ṣì ń kán níbẹ̀. Kò sí kòtò bí ojú ṣíbí lára ògiri yìí, ilà gígùn ló wà níbẹ̀, ó ń bọ̀ láti òkè délẹ̀ bí ilà pélé lójú àgbàlagbà, nítorí pé omi kò fò, ńṣe ló lẹ̀ mọ́ òkúta tó ń ṣàn wálẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Òkúta kan náà, omi kan náà, bó ṣe rìn ló yàtọ̀. Mo dúró lórí àtẹ̀gùn náà débi pé ẹni tó wà lẹ́yìn mi ní kí n jọ̀ọ́ máa lọ.

Nígbà tí ẹ bá jáde, wọ́n á ní kí ẹ rìn lórí ẹní tó tutù fún omi ọṣẹ. Ẹ má bínú, ẹ rìn ín dáadáa. Àrùn kan ló ń pa àwọn àdán, wọn ò fẹ́ kí bàtà èèyàn gbé e láti ihò kan dé òmíràn.

Ti oúnjẹ: ẹ di tiyín lọ. A yà síbì kan lójú ọ̀nà lẹ́yìn tí a kúrò nínú ọgbà, adìyẹ tí wọ́n gbé fún wa tutù nínú, wọ́n sì gba owó gọbọi lé e. Nígbà kejì, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti dòdò la kó sínú kúlà, a jẹ ẹ́ lórí tábìlì lábẹ́ igi, kò sì sí ẹni tó yọ wá lẹ́nu.

Láàárín ìrìn àjò méjèèjì, ọmọ mi kò jẹ́ kí n sinmi. Ó ti kà á níbì kan pé ní Yunifásítì New York, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi súìtì sínú omi tó dúró jẹ́ẹ́, súìtì náà sì yọ́ títí ó fi di ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́. Ọdún 2020 ni wọ́n gbé e jáde. Ó ra súìtì gígùn kan, ó fi amọ̀ ìṣeré lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ife gíláàsì, ó sì da omi bò ó mọ́lẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe mi tábìlì. Mo tẹjú mọ́ ọn pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí a gbé iná sẹ́yìn ife, a rí omi ṣúgà tó wúwo, tó ń gba ara súìtì ṣàn wálẹ̀ bí èéfín tó dorí kodò. Òkè ni omi tí kò tíì mu ṣúgà ti ń kàn án, nítorí náà òkè ló ń yọ́ jù. Kí n tó se ọbẹ̀ tán, orí súìtì tó pẹlẹbẹ tẹ́lẹ̀ ti rí ṣóńṣó. Àwọn onímọ̀ yẹn ní irú iṣẹ́ yìí náà ló ṣe igbó òkúta tó wà ní Ṣáínà àti ní Madagascar, níbi tí òkúta ẹfun ti dúró ṣóńṣó-ṣóńṣó bí ẹ̀gún. Ọmọ mi ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Bùrọ̀dá mi. Wọ́n fèsì pé: "Èyí tún yàtọ̀. Ẹni yìí, òkè ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

Nígbà kejì, nítorí orúnkún Bùrọ̀dá mi, Frozen Niagara Tour la mú. Bọ́ọ̀sì ló ń gbé èèyàn débẹ̀, ìrìn rẹ̀ kò pọ̀, àtẹ̀gùn tó pọn dandan kò tó nǹkan. Ó dára fún àwọn àgbà àti ọmọdé. Ohun tí ẹ máa rí níbẹ̀ ni òdìkejì ohun tí mo ti ń sọ: òkúta tí omi ti yọ́ níbòmíràn, tó wá ń dà á sílẹ̀ níbí, tó ń gbẹ bí àbẹ́là tó ṣàn. Àwọn èèyàn ń pariwo, wọ́n ń ya fọ́tò, ó sì rẹwà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní ẹsẹ̀ tó lè gun àtẹ̀gùn, tó sì jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa lọ láyé yín, Historic ni kí ẹ mú. Ìràwọ̀ márùn-ún ni mo fún un. Frozen Niagara, mẹ́rin.

Nǹkan méjì míì wà lókè ilẹ̀ tí ẹ ò ní sanwó fún, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì mọ̀. Èkíní ni itẹ́ òkú àwọn afinimọ̀nà, tí kò jìnnà sí ilé ìgbàlejò, ọ̀nà rẹ̀ sì tẹ́jú. Ibẹ̀ ni wọ́n sin Stephen Bishop sí. Òkúta orí sàréè rẹ̀ sọ pé 1859 ló kú, bẹ́ẹ̀ 1857 ni. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ẹnì kan tó ti bẹ ihò náà wò fi òkúta náà ránṣẹ́. Ọdún kan ṣoṣo péré ló fi jẹ́ òmìnira kó tó kú. Bùrọ̀dá mi ṣí fìlà. A dúró níbẹ̀ díẹ̀.

Èkejì ni ìsun River Styx. Ẹ sọ̀kalẹ̀ láti ẹnu ihò, ẹ rìn díẹ̀ nínú igbó, ẹ máa rí ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ ti ń jáde lábẹ́ òkúta, tó ń lọ bá Green River. Odò yẹn ló ti ń gbẹ́ ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, bó bá ṣe ń sọ̀ sísàlẹ̀ ni omi inú ihò náà ń wá ọ̀nà tuntun sísàlẹ̀, tó ń fi ọ̀nà òkè sílẹ̀ ní gbígbẹ. Iṣẹ́ náà kò tíì dúró.

Ọmọ mi kúnlẹ̀ létí rẹ̀. "Mọ́mì, ṣé òkúta wà nínú omi yìí báyìí?"

Mo ní ó wà níbẹ̀, ó ti yọ́ ni, kò ṣe é fojú rí.

Kò sọ nǹkan kan. Alẹ́ ọjọ́ yẹn nílé, mo wọ kíṣìnì, mo bá a tó ti ṣí ìdérí kẹ́tù wa, tó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ iná, tó ń fi èékánná ha funfun tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀.